Wáyà Tó Dúró Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹta, 1985

Ìwé tuntun. Èyí àtijọ́ ti kún. Ìwé méje ni mo ti kọ kún báyìí, kò sì sí ẹni tó ka ọ̀kan rí nínú wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Ítálì bọ̀ pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta, ló bá da gbogbo wọn lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn arìnrìnàjò tó gbé ẹrù sẹ́yìn bí ìgbín. Wọ́n fẹ́ pe ilé. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà. Wọ́n fẹ́ ibi tí wọ́n á ti yọ omi lára. Àgọ́ tẹlifóònù mẹ́fà péré ló wà ní ọ́fíìsì èbúté wa yìí, pẹ̀lú fèrèsé kan fún lẹ́tà tí a ń bá àwọn àlejò tọ́jú, àti fèrèsé kan fún wáyà, ìyẹn iṣẹ́ kúkúrú tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde láti ọ̀nà jíjìn. Èmi nìkan ni mo jókòó sí fèrèsé méjèèjì. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ń lu òǹtẹ̀. (Thrasos lorúkọ rẹ̀. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Ọ̀gá Òǹtẹ̀. Ọkùnrin yẹn, tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun síwájú rẹ̀, á lù ú lóǹtẹ̀ kó tó béèrè orúkọ.)

Ọmọbìnrin kan wá láti Nọ́wè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí àkàbà. Torunn. Ó tó ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ní òun wá ya àwòrán àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ìlú wa, òun á wà níbí títí di oṣù karùn-ún. Ó kí mi ní èdè wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àmọ́ ó kí mi. Lẹ́tà kan ti ń dúró dè é, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó fi ẹnu ko àpò ìwé náà lójú gbogbo èrò. Mo pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀gígùn lọ́kàn mi.

Ẹtì, 22 oṣù kẹta

Ẹ̀wà àti ólífì. Àná, ẹ̀wà àti ólífì. Ààwẹ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ajé, 25 oṣù kẹta

Ọjọ́ ìsinmi. Ẹja oníyọ̀ àti ọbẹ̀ aáyù, ọjọ́ kan ṣoṣo tí Màmá gbà kí ẹja wọlé ṣáájú Àìkú Ọ̀pẹ. Ó jẹ mẹ́rin, ó ní òun ò rí ẹnu jẹun. Ó tún béèrè ìgbà tí wọ́n máa fa tẹlifóònù wá sílé wa. Ọdún kẹrin rè é tí a ti forúkọ sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tó ń bá gbogbo ayé pe ìyá wọn, ìyá tìẹ ò lè pe ẹnikẹ́ni." Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí.

Ọjọ́rú, 27 oṣù kẹta

Ẹlẹ́sẹ̀gígùn ní gbogbo Ọjọ́rú lòun á máa pe ìyá òun. Aago mẹ́wàá, àgọ́ karùn-ún, òun ò ní yí i padà. Tẹlifóònù ò dún lẹ́ẹ̀mejì lọ́hùn-ún tí ìyá náà fi gbé e. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ta ni kì í gbọ́ ohùn ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀? Mítà tó ń ka owó ìpè ń sáré, òun ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ó fara ti fèrèsé mi, ó ń ròyìn. Òkun ló gbé bàbá wọn lọ. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Eivind, nìkan ni ìyá náà bí. Ìyá ń rán kọ́tìnì fún àwọn èèyàn. Ó ní ìyá òun sọ pé láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́bọ̀ nìkan lòun ń sùn dáadáa, ìyókù ọ̀sẹ̀, òun kàn ń dùbúlẹ̀ ni. Ó tún ní lọ́dọ̀ wọn, òkú lè dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó sin ín. Mo fi ọwọ́ ṣe àgbélébùú. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ kejì ló ti wọlẹ̀.

Ó ti ń pè mí ní Àǹtí. Ta ló kọ́ ọ?

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹrin

Kò pe ilé lónìí. Ọdún Àjíǹde wọn fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú tiwa, ìyá rẹ̀ sì ti gun òkè lọ sínú ahéré wọn níbi tí yìnyín wà, tẹlifóònù kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ gbọ́, ó ní, "Kristi tiwọn á ti jíǹde kí tiwa tó kú." Ó lu òǹtẹ̀ kan láti fi ṣe àmín.

Àìkú Ọ̀pẹ, 7 oṣù kẹrin

Mo mú un wálé jẹ ẹja. Màmá wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ran lára ọmọ yìí. Ìyá rẹ̀ dà?" Mo ní ó wà ní Nọ́wè. "Kí ló ń ṣe níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi rù báyìí?" Ó bu ẹja fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Torunn ò lè sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì dé ibi tó kọ́ dé.

A ṣèlérí àbẹ́là Àjíǹde fún un, èyí tí wọ́n ń tan láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ojú rẹ̀ tàn bí ọmọ ọdún méje. Ó ní òun á ròyìn rẹ̀ fún ìyá òun.

Ó ti pẹ́ tí èèyàn mẹ́ta ti jókòó nídìí tábìlì wa gbẹ̀yìn.

Ọjọ́rú Mímọ́, 10 oṣù kẹrin

 N óò kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Wáyà láti Nọ́wè, lédè Gẹ̀ẹ́sì. *Torunn. Màmá ṣàìsàn gan-an. Ó wà nílé ìwòsàn. Pè. Eivind.* Nọ́ńbà tẹ̀lé e.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ṣé èmi ni wọ́n máa túmọ̀ irú wáyà bẹ́ẹ̀ fún? Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Atẹni, olú ìlú wa, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n Màmá pè mí: "Stamata, bàbá ẹ ò gbádùn díẹ̀, máa bọ̀ nílé." Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti wọ kóòtù ìgbéyàwó fún un, wọ́n ti kọjú ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Nílùú wa, kò sẹ́ni tó ń kú lórí tẹlifóònù, kò sì sẹ́ni tó ń kú nínú wáyà. "Kò gbádùn díẹ̀" ni pé ó ti kú. "Ó ṣàìsàn gan-an" ni pé àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ti ń sinmi.

Nítorí náà mo mọ̀. Ìyá Torunn ti lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá sí mi lọ́kàn nìyí: kò ní ará kankan níbí tó máa dì í mú. Kì í jẹun títí di aago mọ́kànlá, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ la wà. Wọn ò ní sin ín kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀. Àyè wà.

Ọ̀gá Òǹtẹ̀ yọjú. "Ta ló ni?" Mo nà án sí i. Ó kà á, ó ṣe àgbélébùú, ó ní kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Òun náà mọ̀. Ó ní, "Má tíì fún un o. Jẹ́ kó jẹ ẹyin pupa ọdún tiẹ̀ ná." Òǹtẹ̀ tó lù lọ́tẹ̀ yìí rọra dún.

Aago mẹ́wàá, ó wọlé. Ẹ̀rín lẹ́nu. "Àǹtí Stamata, ṣé àgọ́ karùn-ún ṣófo? Màmá mi ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè." Wáyà wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi.

Mo ní, "Ìlà òkè òkun ti bàjẹ́, ọmọ mi. Láti àná ni. Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn Ọdún Àjíǹde."

"Títí di Ìṣẹ́gun?"

"Títí di Ìṣẹ́gun."

Ọkùnrin kan ń pariwo mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní Hamburg láti àgọ́ kejì. Ìlà òkè òkun kan náà ni. Torunn ò fura. Ó ní kò burú, ìyá òun á rò pé oorun ló gbé òun lọ. Mo bá ní kó wá sílé wa lọ́la, kó wá bá wa kun ẹyin ọdún ní pupa. Ó dì mọ́ mi láti ojú fèrèsé.

Mo fi wáyà sínú àpò aṣọ mi.

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, 11 oṣù kẹrin

Mo gba ìsinmi, Ọ̀gá Òǹtẹ̀ nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ogójì ẹyin. Ọwọ́ Torunn pupa dé ọrùn-ọwọ́.

Mo sọ fún Màmá nílé ìdáná. Ó jókòó. Ó sunkún díẹ̀ fún obìnrin tí kò rí rí. Ó wá ní, "Má sọ ọ́. Ta ló ń túfọ̀ òkú fún àlejò ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́? Òkú ò ní ìkánjú kankan, Stamata. Alààyè ni kó jẹun." Mo ní ó yẹ kó mọ̀. Ó ní, "Á mọ̀. Ajé Àjíǹde, lẹ́yìn oúnjẹ, kó jókòó, kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ó tọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lóòótọ́.

Ẹtì Mímọ́, 12 oṣù kẹrin

Agogo ń dún fún òkú láti àárọ̀. Torunn bá àwọn obìnrin to òdòdó sára pósí Olúwa, èyí tí wọ́n ń gbé yí ìlú ká lálẹ́. Wọ́n fi í síwájú torí ọwọ́ rẹ̀ gùn. Ó ń kọrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Àbámẹ́ta Mímọ́, 13 oṣù kẹrin

Mo ní n óò sọ ọ́ lónìí. Mi ò sọ ọ́.

Àìkú Àjíǹde, 14 oṣù kẹrin

Ọ̀dọ́ àgùntàn ní àgbàlá, èéfín, gbogbo àdúgbò. A kan ẹyin mọ́ ẹyin. Ti Torunn fọ́ gbogbo tiwa, òun nìkan ni tirẹ̀ ò sán. Àwọn ará ilé kejì pàtẹ́wọ́: oríire ọdún kan gbáko! Ó fi ìwé wé ẹyin náà, ó ní òun á gbé e lọ fún ìyá òun.

Mo wọ inú yàrá lọ, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Ajé Àjíǹde, 15 oṣù kẹrin

A ṣe é bó ṣe yẹ. Ó jẹun tán. Màmá jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Omi tútù, ṣúgà nínú ṣíbí. Mo yọ wáyà lápò, mo fún un.

Ó kà á. Ó gbé ojú sókè. "Ọjọ́rú ni wọ́n kọ síbí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Òní Ajé ni." Ó ti dìde. "Báwo ni ara rẹ̀ báyìí? Ta ló bá Eivind sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Torunn, ọmọ mi. Màmá ẹ ti lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Mo nawọ́ sí ìwé náà. Ó tún un kà, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Kò sí níbí."

"Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Àwọn wo?"

 Màmá ń wo ẹnu mi, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi ṣíbí ṣúgà lọ̀ ọ́.

Ó sáré. Mo sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú sálúbàtà ilé. Ṣọ́ọ̀bù kékeré Bàbá Fotis ní igun òpópónà ní tẹlifóònù tó lè pe òkè òkun. Bàbá Fotis nawọ́ ẹyin pupa sí i: "Kristi ti jíǹde, òrékelẹ́wà!" Torunn ti ń tẹ nọ́ńbà. Bàbá Fotis tún pariwo, "Kristi ti jíǹde, mo ní! Ṣé ẹ kì í dáhùn ní ìlú yín ni?" Mo ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.

Mo wo ẹ̀yìn Torunn. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó dákẹ́. Ó tún sọ ọ́. Ó gbé iwájú orí lé páálí sìgá. Àwọn èèyàn ń kọjá pẹ̀lú àkàrà òyìnbó ọdún, wọ́n ń kí wa.

Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó sọ fún mi ní èdè wa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹsẹ̀ gbé lórí òkúta inú odò. Àbámẹ́ta ló kú. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Láti Ìṣẹ́gun tó ti wọ ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ dá, ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé tẹlifóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá dún, á gbé ọwọ́ sókè.

Ọjọ́rú dé Àbámẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta. Ó wà láàyè. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí, tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń ṣàìsàn, ó ń ṣàìsàn ni.

Ó ní, "Mo wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Àǹtí. Aago mẹ́wàá."

Mo ní mo mọ̀.

"Ṣé ìlà bàjẹ́ lóòótọ́?"

Mo ní rárá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé bàbá mi fún un, kóòtù ìgbéyàwó yẹn, ẹsẹ̀ tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lẹ́nu mi, kò sí èyí tó wúlò nínú rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kẹrin

A ṣílẹ̀kùn. Mo wo àpótí T, níbi tí a ń kó lẹ́tà àti wáyà àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T sí, kí n tó bọ́ kóòtù. Wáyà kejì wà níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ló gbà á, ó lù ú lóǹtẹ̀, ó fi í síbẹ̀, kò kà á. *Màmá ń béèrè rẹ. Tẹlifóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pè nígbàkígbà.* Ọjọ́bọ̀ ìrọ̀lẹ́, a ń fi òróró kun ẹyin kó lè máa dán.

Torunn wá, ó gbé ẹrù sẹ́yìn. Ó ń bá ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán lọ sí Atẹni, kó lọ wọ bàálù. Ìsìnkú di Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Eivind ti sọ fún un pé wáyà méjì ni. Ó wá gba ìkejì.

Ó gbọ́dọ̀ bọwọ́ lùwé. Àyè kan wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún wákàtí tí wáyà dé, àyè kan fún wákàtí tí ẹni tó ni ín gbà á. Ti Ọjọ́rú ṣì ṣófo. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ rọra sọ sí mi létí: "Kọ ọ́ pé a wá a, a ò rí i."  Kì í ṣe èèyàn burúkú, iṣẹ́ àwa méjèèjì ló ń gbà là. Ọmọ tí a ò rí náà dúró síwájú mi, ó ga ju fèrèsé lọ. Mo kọ ọ́: *Dé ní 10, aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ó wà lọ́wọ́ Stamata títí di 15.* Ọ̀gá Òǹtẹ̀ wo òrùlé. Kò lù ú lóǹtẹ̀.

Torunn bọwọ́ lu méjèèjì. Ó ka ìkejì lórí ìdúró, ó ká a sí mẹ́rin. Ó ní, "Mo fẹ́ bínú sí yín, Àǹtí. Láti àná ni mo ti ń gbìyànjú. Mi ò rí i ṣe." Mo ní, "Bínú, ọmọ mi, bínú." Ó mi orí. Ó yọ ẹyin pupa yẹn nínú ìwé tó fi wé e, ó gbé e sórí pákó fèrèsé mi, ó jáde.

Màmá ò jẹun lálẹ́. Ó ní èmi ni mo ṣi wáyà kà. Lẹ́yìn náà ó ní ẹ̀bi òun ni. 

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹrin

Aago mẹ́wàá kọjá. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan wọ àgọ́ karùn-ún.

Àpò lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tí a fi ṣọdún dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń ṣà á: B, K, M. Mo débi T, mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀ kí n tó ka orúkọ. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ni wọ́n fi ránṣẹ́, Ajé, ọjọ́ tí ìyá Torunn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó nípọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ojúlé rẹ̀ sí, gbogbo ìgbà ló máa ń kọ ọ́, kí lẹ́tà má bàa sọnù.

Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ní kí n fi sínú àpótí. Òfin ni: ọgbọ̀n ọjọ́, tí ẹni tó ni ín ò bá wá, a dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Mo wò ó títí ó fi gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

Mo fa ìlà pa àdírẹ́sì wa. Mo kọ orúkọ Torunn síbẹ̀, mo da ojúlé ìyá rẹ̀ kọ látẹ̀yìn lẹ́tà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí obìnrin náà ṣe kọ ọ́. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan sí i. Mo mú bébà pélébé kan, mo kọ "Torunn, ọmọ mi", mo jókòó tì í. Mo rò ó bóyá kí lẹ́tà yìí má dé ṣáájú ìsìnkú. Bóyá kó sinmi díẹ̀ ná. Bóyá kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ara mi. Mo ya bébà náà, mo dìde, mo ju lẹ́tà sínú àpò lẹ́tà tó ń bá ọkọ̀ òfúrufú lọ.

Aago tó wà lára ògiri ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ti fi di lẹ́tà náà mú.